Ohun Tí Àwọn Òbí Mi Kò Mọ̀ ọ́n Sọ

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba sílẹ̀ fún àwọn alágbádá ni oyún mi àkọ́kọ́ bàjẹ́. Èmi àti ọkọ mi ń gbé ní Palmgrove nígbà náà, mo sì ń ṣe tíṣà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Abúlé Òkúta. Nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé láti ọsibítù, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́. Mo lè lọ sílé tèmi kí n sùn, àmọ́ ilé àwọn òbí mi ní Bàrígà ni ẹsẹ̀ mi gbé mi lọ. Àgbàlagbà ni mí, síbẹ̀ màmá mi ni mo fẹ́ rí.

Màmá mi jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì sọ fún wọn pé oyún náà ti bàjẹ́. Ọwọ́ wọn dúró díẹ̀ nínú àtẹ.

"Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò," ni wọ́n wí. "Ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mi ò tíì jẹun.

"Ìrẹsì wà nínú ìkòkò. Lọ bù ú."

Wọ́n sì ń ṣa ẹ̀wà wọn lọ. Bàámi wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn lórí rédíò. Mo mọ̀ pé wọ́n gbọ́ ohun tí mo sọ, torí fèrèsé ṣí sílẹ̀. Nígbà tí mo wọlé láti kí wọn, wọ́n ní, "O ti dé," wọ́n sì yí rédíò sókè díẹ̀. Ìdúró ni mo jẹ ìrẹsì náà ní kíṣìnì, omijé ń bọ́ sínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá wò mí.

N ò ní purọ́ mọ́ wọn: wọn ò fi ebi pa mí rí. Atẹ̀wé ni bàámi ní Ṣómólú, wọn kì í mutí, wọn kì í na ni. Màmá mi fi ọwọ́ ara wọn rán gbogbo aṣọ iléèwé mi. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló wà lọ́kàn mi. Ní kékeré, mo máa ń gbọ́ wọn látinú yàrá wọn, tí wọ́n ń fi èdè Ẹ̀gbá tàkúrọ̀sọ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Tí mo bá ti kan ilẹ̀kùn, wọ́n á dákẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ ìrẹsì yẹn, inú bí mi, mi ò sì yà sọ́dọ̀ wọn fún oṣù mélòó kan. Ohun tó mú mi padà ni pé bàámi yọ̀ ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù, egungun itan wọn sì ṣẹ́. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù ní Igbóbì. Tí iléèwé bá ti jáde, mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Mo rò pé bóyá ìrora á jẹ́ kí wọ́n lanu.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, màmá mi jáde lọ ra omi. Láìrò ó tẹ́lẹ̀, mo bi bàámi léèrè.

"Bàámi, nígbà tí oyún mi bàjẹ́, kí ló dé tí ẹ ò sọ nǹkan kan fún mi?"

Wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n so rọ̀.

"Èmi ò mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ."

"Ẹ̀ bá kàn sọ pé pẹ̀lẹ́."

"Ṣé pẹ̀lẹ́ á dá a padà ni?"

Kò sí ìbínú nínú ohùn wọn. Wọ́n ń bi mí tọkàntọkàn, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà ní àdúgbò tí kò dé rí.

"Kò lè dá a padà," ni mo wí, "àmọ́ mi ò bá tí dá sunkún."

Màmá mi wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Títí dòní, bàámi ò tíì sọ pẹ̀lẹ́ yẹn.

Mo sunkún bí mo ṣe ń lọ sílé. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, mo rò pé wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ́kàn, pé wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún mi ni. Ó dùn mí pé wọn ò ní in. Síbẹ̀, ìbínú mi rọlẹ̀. Àtìgbà náà ni mo ti ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Tí mo bá lọ sí Bàrígà, a máa ń sọ̀rọ̀ òjò, òrùlé tó ń jò, àti iṣẹ́ ìwé títẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkàn, ọkọ mi ni mo máa ń sọ ọ́ fún, tàbí tíṣà kan níléèwé wa, ìyá ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan, tó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ ti oyún náà fún wọn, tí àwa méjèèjì jọ sunkún. N ò ní sọ pé ó ti tán pátápátá. Nígbà míì mo máa ń gbàgbé, màá gbé ọ̀rọ̀ wúwo dé iwájú àwọn òbí mi, màá sì tún gbé e padà sílé.

Nígbà tó yá, mo bí obìnrin. Màmá mi wá wẹ ọmọ fún wa. Wọ́n mọ̀ ọ́n wẹ̀, àmọ́ tó bá ti ké, kíá ni wọ́n á fẹ́ pa á lẹ́nu mọ́. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ó ké díẹ̀. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é." Wọ́n gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́.

Ọmọ yẹn di aláròyé. Lọ́jọ́ kan tí a lọ kí wọn, ó jókòó síwájú bàámi, ó ń ròyìn bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe já a sílẹ̀ níléèwé. Nígbà tó dákẹ́ díẹ̀, bàámi fẹ́ dìde.

"Ṣé ó ti tán?" ni wọ́n bi í.

"Rárá, Bàbá, ó ṣì kù," ni ọmọ náà wí.

Bàámi tún jókòó.