Oògùn Pupa àti Egbò Ẹnu Bàbá Mi

Nígbà tí owó epo ń jẹ́ kí ilé máa hù bí olú ní Ìsọlọ̀ ni jẹjẹrẹ inú àpòlúkù mú bàbá mi. Ilé iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Yàrá kan ni èmi àti wọn jọ ń gbé lẹ́yìn ikú ìyá mi. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbà kò ran àìsàn náà rárá. Dókítà wá sọ pé oògùn mìíràn wà. Kò lè wò ó tán o, ṣùgbọ́n bí ó bá bá ara wọn mu, wọ́n á lè tún jẹun dáadáa fún ìgbà díẹ̀. Bàbá mi ní ìyẹn náà tó àwọn.

Oògùn náà pupa bí omi ìṣápá, ojú iṣan apá ni wọ́n sì ń gbà á. Láti Òṣòdì ni a ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tó yá, mo rí i pé ẹ̀kọ mímu tí mo ń gbé fún wọn kàn ń tutù sínú kọ́ọ̀bù ni. Wọ́n ní àwọn ti yó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ wà nínú omi tí wọ́n tu sílẹ̀. Egbò ti bo ahọ́n wọn. Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, dókítà bi wọ́n pé ṣé ara le. Wọ́n ní a dúpẹ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n ń jẹun. Wọ́n ní àwọn ń jẹun. Lójú bàbá mi, ìwà àìmoore ni kí ènìyàn máa ráhùn sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Inú dókítà dùn, ó ní kí nọ́ọ̀sì po oògùn náà bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ọmọ kì í já bàbá rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ló dá egbò sí wọn lẹ́nu; bí ó bá tún wọlé bá a, omi lásán kò ní ṣeé gbé mì fún wọn mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sì dojú kọ ilẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní kí wọ́n lanu."

Bàbá mi wò mí títí kí wọ́n tó lanu. Dókítà tan iná sí ẹnu wọn, ó mí kanlẹ̀. Ó ní oògùn di ìgbà tí egbò bá jinná, àti pé òun máa dín in kù. Ó béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ̀rọ̀.

Bàbá mi ní, "Ẹ kí mi ni, mo sì dá yín lóhùn."

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rù ń bà mí nínú bọ́ọ̀sì. Ìgbà tí a sọ̀kalẹ̀ ni bàbá mi ní, "Ìwọ tí o kì í lè kí ènìyàn sókè, o wá ń pàṣẹ fún dókítà." Wọ́n di ejìká mi mú bí a ṣe ń sọdá títì.

Egbò náà jinná. Oògùn tí wọ́n dín kù bá ara wọn mu títí òjò ọdún kejì fi dé. Láti ìgbà egbò yẹn ni n kò ti fi ata sí ọbẹ̀ wọn mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín ìgbà náà, wọ́n tọ́ ọbẹ̀ mi wò, wọ́n sì bi mí pé ta ni mo ń fi ata pamọ́ fún. Mo dìde, mo lọ lọ ata sí i.