Àǹtí Tó Pa Eré Tì Nítorí Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Mi

Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ dànù, nígbà tí bàbá mi kú ní Sabon Gari, nílùú Kano. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ojú yín kì í kúrò lára bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n, ẹ jókòó, kí n sọ̀rọ̀ eléré ìdárayá kan tí ẹ ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Yàrá tó tẹ̀ lé tiwa ló ń gbé. Àwa ọmọdé ń pè é ní Àǹtí. Láràárọ̀ ló ń sáré láti ilé wa dé Railway Quarters, àwọn ọmọ Hausa á sì dúró dè é létí títì, wọ́n á máa ké "Ta zo! Ta zo!" pé ó ti dé. Kò sí obìnrin tó lè bá a sáré ní gbogbo Kano nígbà náà. Wọ́n ti yàn án pé kó wá sí àgọ́ ìdánrawò ní Èkó, kí wọ́n lè kó wọn lọ díje lókè òkun.

Àsìkò yẹn gan-an ni bàbá mi kú. Òun àti ìyá mi ni wọ́n jọ dá ṣọ́ọ̀bù wa sílẹ̀ ní ọjà Singer, níbi tí a ti ń ta mílíìkì, ṣúgà àti ọṣẹ. Ìyá mi ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ tí àbúrò bàbá mi fi wọ ọkọ̀ ojú irin láti ilé wá, ó ní òun wá kó ogún ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, aya kì í jogún ọkọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún ìyá Àǹtí, ìbànújẹ́ ló sì pa obìnrin náà.

Àǹtí ní òun ò lọ sí àgọ́ mọ́, òun á dúró ti ìyá mi. Kóòṣì rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ títí nínú ọgbà ilé wa. Etí mi báyìí ni mo fi gbọ́ èsì rẹ̀.

"Haba, kóòṣì, tíráàkì ò ní sá lọ. Ẹ jẹ́ kí n dá eré yìí dúró fún ọdún kan péré. Tí wọ́n bá gba ṣọ́ọ̀bù yẹn, ó finiṣì nìyẹn."

Bó ṣe di pé ó ń fi ẹsẹ̀ tó fi ń gba mẹ́dàlì wá àwọn àgbà kiri nìyẹn. Ó lọ bá pásítọ̀, ó lọ bá lèmọ́ọ̀mù, ó kó àwọn opó tí wọ́n ti lé kúrò nílé ọkọ jọ pé kí wọ́n wá jẹ́rìí. Àwọn kan ń bú u pé kí ló kan ọmọge nínú ọ̀rọ̀ opó. Nígbà tó yá, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbà. Wọ́n ní tí ìyá mi bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ìpàdé pé òun fẹ́ di ṣọ́ọ̀bù náà mú fún àwa ọmọ, àwọn á tì í lẹ́yìn.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ìyá mi. Àbúrò bàbá mi, tí ìyá mi fi ọjọ́ orí jù dáadáa, ló kọjú sí i.

"Ìyàwó wa, ṣé lóòótọ́ ni pé o fẹ́ bá wa du ogún?"

Ìyàwó ilé kì í dá ẹbí ọkọ lóhùn lóròó. Bó ti wù kí onítọ̀hún kéré tó, ọkọ rẹ̀ ni. Ìyá mi ti kúnlẹ̀ kó tó rántí ohun tó bá wá.

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ohun tí ẹ bá sọ ni abẹ gé."

Ọ̀rọ̀ ìtẹríba lásán ni, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Alága ní gbogbo ilé ti gbọ́, wọ́n sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo Àǹtí. Ó tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sókè òkun láìsí i. Ọdún kan tó sọ kò tán mọ́, nítorí opó kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Ó bá àwọn mìíràn gba ẹ̀tọ́ wọn, ṣùgbọ́n kò padà sórí tíráàkì. Ìyá mi di ẹni tó ń din kósáì, àkàrà àwọn Hausa, létí títì Brigade. Nígbàkígbà tí Àǹtí bá ń kọjá, ìyá mi, tó lè bí i lọ́mọ, á kúnlẹ̀ fún un. Àǹtí á sì fà á dìde.

Ayé ti yí padà. Opó ń lọ sí kóòtù báyìí, àwọn ọkọ mìíràn sì ń kọ ìwé ìhágún sílẹ̀. Ìkúnlẹ̀ dára, ẹ̀yin ọmọ mi, èmi náà ni mo fi kọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ tí wọ́n bi obìnrin léèrè ohun tó fẹ́, tó ní "ohun tí ẹ bá sọ," màá wo ọwọ́ rẹ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.