Ebè Àkọ́kọ́ tí Mo Kọ Láìlo Hóró

Òórùn ìsáàlì tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ níbẹ̀. Kí n tó lajú dáadáa, kí n tó mọ̀ pé orí bẹ́ẹ̀dì onírin ni mo wà, òórùn náà ti wọ imú mi, ó sì dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹ̀wà tí ẹnìkan ń sè lẹ́yìn fèrèsé. Ìyàwó mi ni ó ń sè é. Wọ́n ní kí ẹbí kan dúró ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan, òun ni ó sì dúró tì mí. Orí ẹní ìkírun rẹ̀ ni ó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, nítorí pé nínú ìkánjú tí ó fi gbé mi kúrò ní Kábà, ẹní yẹn nìkan ni ó rántí mú. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn ìsáàlì níbikíbi, ẹ̀wà ni ó máa ń wù mí í jẹ. Àwọn ènìyàn a máa sọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn ọpọlọ bíi pé ibẹ̀ ni ayé ẹ̀dá ń parí sí. Ọ̀rẹ́ mi, ní tèmi o, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá mi padà sáyé.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe rí tẹ́lẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ àáró wa, àwa mẹ́fà tí a jọ ń kọ ebè kiri oko ara wa, lónìí oko tèmi, lọ́la oko ẹlòmíràn, èmi ni aṣáájú. Ìlànà wa kò le. Aṣáájú ni yóò gba ìlà àkọ́kọ́, àwọn yòókù á tò tẹ̀ lé e, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ kọ ebè kọjá a. Bí aṣáájú bá ṣe yára tó ni gbogbo oko yóò ṣe yára tó, ẹni tí ó bá sì kẹ́yìn ni a ó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ìgbà oúnjẹ. Ọkùnrin kan wà láàrin wa tí ó máa ń kẹ́yìn lọ́jọ́ gbogbo, ọmọ Odo-Ape, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí ebè rẹ̀ máa ń dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Ìgbín. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ìyàwó rẹ̀ gan-an ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú bá ń bí i.

Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé kì í ṣe agbára mi ni mo fi ń sáré. Nígbà tí ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí ni olóògùn kan tà tíràmádọ́ọ̀lù fún mi, èyí tí àwa ń pè ní hóró. Ó ní kí n lò ó bí mo bá ti oko dé. Èmi lò ó kí n tó lọ. Háà! Ọkọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, oòrùn kò ta mí mọ́, ilẹ̀ líle inú ọ̀gbẹlẹ̀ rọ̀ bí èlùbọ́. Hóró kan di méjì, méjì di iye tí n kò lè sọ lójú ìyàwó mi. Nígbà tí àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ wa bi mí pé kí ni mò ń jẹ, mo fún wọn tayọ̀tayọ̀, bí ẹni fún àlejò lóbì. Èyí ni ó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, n kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Aṣáájú ń sáré, wọ́n gbọ́dọ̀ bá a, hóró ni wọ́n sì fi ń bá a. Ìgbín nìkan ni ó kọ̀. Mo na ọwọ́ sí i, ó wo hóró náà, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín ń gun igi." Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni a fi rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ yẹn.

Oko Ìgbín náà ni mo ṣubú sí. N kò rántí ju pé ẹnu mi korò, tí ọ̀run sì yí. Wọ́n ní ara mi le gan-an, mo ń gbọ̀n, mo ń yọ ìfófò lẹ́nu. Àwọn yòókù sá, nítorí wọ́n rò pé wárápá ni, o sì mọ̀ pé àwọn ènìyàn wa gbà pé ẹni tí itọ́ wárápá bá kàn ti kó o nìyẹn. Ìgbín ni kò sá. Òun ni ó fi ẹ̀gbẹ́ mi lélẹ̀, tí ó gbé orí mi lé ẹsẹ̀ rẹ̀ títí gbígbọ̀n náà fi dáwọ́ dúró. Nílé, àwọn ẹbí ní ayé ni ó ṣe mí. Ìyàwó mi kò bá wọn jiyàn, ó kàn lọ tú bàtà oko mi, ó rí páálí hóró tí mo kì sínú rẹ̀, ó sì kó o lọ bá dókítà. Ọ̀dọ̀ dókítà yẹn ni wọ́n ti júwe ilé ìwòsàn ọpọlọ fún wa. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, nítorí náà a sọ fún gbogbo ará àdúgbò pé mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́kọ́ja.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò dára rárá. Mo ń gbọ̀n bí ẹni tí ọyẹ́ mú, imú mi ń dà, inú mi ń yí, kò sí eegun kan lára mi tí kò ro mí. Mo bú dókítà. Mo bú ìyàwó mi, mo ní òun ni ó fẹ́ pa mí. Ó gbé ife sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ẹ máa bú mi lọ, Bàbá Àfúsá, ṣùgbọ́n ẹ mu omi yìí ná." Mo mu ún. Mo tún bú u. Bí mo bá rántí sùúrù obìnrin yẹn nísinsìnyí, ojú a máa tì mí, orí mi a sì wú.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì àgbà kan wọ ọ̀rọ̀ wa. Obìnrin tí ó ti sún mọ́ ọjọ́ ìfẹ̀yìntì ni, ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀ bí ó bá ń rìn. Kò sí ẹni tí ń sọ irú èdè tiwa ní ìlú tí ilé ìwòsàn náà wà, nítorí náà nígbà tí ó gbọ́ tí èmi àti ìyàwó mi ń jiyàn lórí iyọ̀ inú ẹ̀wà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Okun o," ni ó wí.

Ṣé o mọ ohun tí ìkíni ilé ń ṣe fún ènìyàn ní ìdálẹ̀? Mo fi ojú pa mọ́ sínú ìrọ̀rí, mo sunkún bí ọmọdé. Ọmọ Ìsánlú ni, ní ilẹ̀ Okun tiwa. Láti ọjọ́ náà, ó di ẹ̀gbọ́n mi, mo di àbúrò rẹ̀.

Ọgbà ẹ̀fọ́ kékeré kan wà lẹ́yìn wọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn tí ara wọn bá ń balẹ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ ní àárọ̀. Ní ọjọ́ kan ó mú mi lọ síbẹ̀, ó sì fi ọkọ́ lé mi lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi, n kò tíì sọ ohun tí ó wà lọ́kàn mi fún ẹnikẹ́ni títí di àkókò yẹn, ìyàwó mi pàápàá kò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe ikú ni mo ń bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù pé hóró ni àgbẹ̀, pé èmi kì í ṣe àgbẹ̀ mọ́. Kí ni mo fẹ́ padà lọ ṣe ní Kábà? Iṣẹ́ wo ni mo tún mọ̀?

"Ẹ̀gbọ́n, n kò lè ṣe é mọ́," mo ní. "Láìsí hóró, n kò lè dá oko."

"Ta ló ní kí o dá oko? Ebè kan ni mo ní kí o kọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbúrò."

Mo kọ ọ́. Ó pẹ́ débi pé ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu, kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín tàbí kí òun sunkún. Òógùn bò mí, mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta lórí ebè kan ṣoṣo. Ebè náà wọ́, adìẹ kan péré ì bá tú u ká. Nọ́ọ̀sì yí i po, ó wò ó fínnífínní bí ẹni tí ń ra màlúù. "Ó tó," ni ó wí. "Ó di méjì lọ́la."

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá mi sílẹ̀, mo ti lè kọ ogún láàárọ̀ kan, iye tí mo máa ń kọ tẹ́lẹ̀ kí ìrì tó gbẹ. Nọ́ọ̀sì sìn wá dé gééètì. Ó bi mí ohun tí a sọ fún àwọn ará ilé, mo sọ ìtàn Lọ́kọ́ja fún un. Ó mi orí. Ó ní, "Irọ́ yẹn wúwo, àbúrò. Èmi náà sì mọ ohun tí o máa ń lò láti fi gbé ẹrù wúwo." Ọ̀rọ̀ náà ń bá mi rìn nínú mọ́tò títí a fi rí àwọn òkè Kábà.

Àáró tí mo kọ́kọ́ jáde lọ bọ́ sí oko Ìgbín, ibi tí mo ti ṣubú gan-an. Kùrukùru ṣì bo àwọn òkè nígbà tí mo débẹ̀. Gbogbo wọn kí mi, "Okun o! Báwo ni Lọ́kọ́ja?" Mo ti ní kí n dáhùn pé wọ́n kí yín o. Ẹnu mi kọ̀.

"N kò lọ sí Lọ́kọ́ja," mo ní. "Ilé ìwòsàn ọpọlọ ni mo wà. Hóró ni ó gbé mi débẹ̀. Èmi náà ni mo sì fún ẹ̀yin méjèèjì yìí. Ẹ forí jì mí."

Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń fi ọkọ́ ha ilẹ̀, kò wo ojú mi. Mo gbé ọkọ́ tèmi, mo forí lé ìlà ìkẹyìn pátápátá, kí n lè máa wọ́ bọ̀ lẹ́yìn láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìgbín ti dúró síbẹ̀.

"Àyè tèmi nìyí," ni ó wí. "Aṣáájú ni ọ́. Lọ síwájú."

"Hábà, n kò lè sáré mọ́."

"Ta ló ní kí o sáré?"

Mo rò pé ó ń gbẹ̀san orúkọ tí mo sọ ọ́ ni. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ó fẹ́ kí gbogbo wọn wò mí níwájú, kí wọ́n rí bí alágbára àná ṣe di yẹpẹrẹ. Ṣùgbọ́n ìtìjú kò jẹ́ kí n kọ̀, mo bọ́ síwájú. Mo kọ ebè kan, mo mí. Mo kọ èkejì. Mo ń dúró kí ẹnìkan pòṣé tàbí kí ó kọjá mi, kò sí. Bí mo bá dúró, mo ń gbọ́ tí ọkọ́ wọn ń dúró lẹ́yìn mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Bí mo bá tẹ̀ síwájú, wọ́n á tẹ̀ lé mi. Oòrùn ti gòkè díẹ̀ kí ó tó yé mi. Ìlànà wa àtijọ́ ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá aṣáájú. Ìlànà tí mo fi ti àwọn ènìyàn sínú hóró, òun náà ni Ìgbín fi dá ẹsẹ̀ gbogbo wa dúró.

Nígbà tí a jókòó sídìí iṣu sísè, ẹni tí ó ń ha ilẹ̀ láàárọ̀ sún mọ́ mi. Ó fi ọwọ́ kan àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní, "Hóró òní ṣì wà níbí. Mi ò tilẹ̀ rántí rẹ̀." Kò pẹ́ sígbà náà tí ó wá bi mí ní ọ̀nà ilé ìwòsàn, ìyàwó mi ni ó sì mú òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀. Èkejì ṣì ń lo hóró títí di bí mo ṣe ń sọ yìí. Mò ń bá a sọ̀rọ̀, n kò sì tíì sinmi.

Ìdajì oko Ìgbín ni a rí kọ lọ́jọ́ náà. Òun nìkan ni yóò dá ìyókù kọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a ń nu ọkọ́. Mo lọ bá a, mo bi í pé kí ló dé tí ó fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò nítorí mi.

"Oko mi ni o ti ṣubú," ni ó dáhùn. "Ibẹ̀ náà ni o gbọ́dọ̀ ti dìde."

Ìyàwó mi gbà mí lọ́wọ́ ikú, mo mọ̀ ọ́n. Dókítà fọ ara mi mọ́, nọ́ọ̀sì ọmọ Ìsánlú kọ́ mi ní ebè kan ṣoṣo, kò sì sí ìrun tí mo kí tí n kì í dárúkọ wọn nínú àdúà mi. Ṣùgbọ́n gbogbo inú rere wọn ì bá ti dà nù bí kò bá sí ẹni tí ó gbà kí oko tirẹ̀ falẹ̀ kí n lè rìn. Èmi ṣì ni aṣáájú àáró wa, n kò sì tíì yára. Bí wọ́n bá pe Ìgbín nínú oko wa báyìí, èmi ni mo máa ń jẹ́ ẹ.