Fíìmù Tí Wọ́n Ń Tilẹ̀kùn Wò ní Yàrá Alájà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi ní Dópẹ̀mú. Àwọn kan nínú yín mọ̀ pé ilé ni Àmínà, ọmọ mi obìnrin, ti ń kàwé báyìí. Ohun tí ẹ ò mọ̀ ni pé díẹ̀ ló kù kí n sọ ilé náà di ojú ogun nítorí fíìmù!

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ikọ́ fée ń ṣe Àmínà. Ilé ìwé tó ń lọ tẹ́lẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ kan tó máa ń tú èéfín látàárọ̀. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ wá sápá ọ̀dọ̀ wọn, àyà ọmọ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í dún, wọ́n á sì pè mí kí n wá gbé e. Nígbà tó yá, dọ́kítà ní ká mú un kúrò níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé tó kù ńkọ́? Ẹ̀yin náà ẹ mọ Agége sí Ìkẹjà. Èwo ni kò sún mọ́ ilé iṣẹ́ nínú wọn?

Bí mo ṣe di tíṣà nìyẹn o! Èmi tí mo ń rán kọ́tìnì jẹun! Bàbá Àmínà ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Ìkẹjà, tó bá dé báyìí, oorun ló kù. Tíṣà kan ń wá kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Gbogbo ìyókù, ọrùn mi ló wà.

Nínú gúrúpù àwọn òbí tó ń kọ́ ọmọ nílé ni ìyá kan ti sọ pé fíìmù lòun fi ń kọ́ ọmọ òun. Ó ní kì í ṣe kéèyàn jókòó kó máa jẹ gúgúrú o. Kí èèyàn yan fíìmù tó bá ẹ̀kọ́ mu, kó máa dá a dúró láàárín, kó bi ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ọmọ kọ ohun tó rí sílẹ̀. Mo ní ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ó sì ṣiṣẹ́! Fíìmù tí wọ́n ti ń ṣẹjọ́ ní kóòtù, a fi kọ́ nípa òfin àti ìjọba. Fíìmù ọba ayé àtijọ́, a fi kọ́ ìtàn. Lọ́jọ́ tá a wò ó, Àmínà sáré dá a dúró, ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ọwọ́ kábíyèsí. Aago ló wà níbẹ̀ yẹn!" A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Mo wá ní kó kọ gbogbo ohun tí kò yẹ kó wà láyé ìgbà yẹn tó bá rí nínú ẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹ̀kọ́ gidi ni?

Bàbá ẹ̀ ò rí i bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ríbi tí wọ́n ti ń fi fíìmù gbàwé ẹ̀rí. Ó ní tí táàmù yìí bá parí tí òun ò bá rí ohun tí ọmọ náà mọ̀, Ìjẹ̀bú lòun ń mú un lọ, sí ilé ìwé tí àwọn ọmọ ti ń sùn, kí ẹ̀gbọ́n òun máa mójú tó o. Ọmọ tó máa ń jí lójú oorun tí kò ní lè mí! Ta ló máa gbọ́ ọ níbẹ̀? Látọjọ́ tó ti sọ̀rọ̀ yẹn ni ọkàn mi ò ti balẹ̀ mọ́.

Ó wá ku Alájà. Alájà ni ìyá ọkọ mi, ilé wọn là ń gbé. Iwájú ni yàrá wọn wà, àwa wà lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fíìmù yìí, wọ́n pòṣé. Wọ́n ní àwọn náà wo sinimá nígbà tí àwọn wà lọ́mọge, kò sẹ́ni tó fún àwọn ní sàtífíkéètì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo padà sídìí máṣíìnì ìránṣọ mi.

Àfi bó ṣe di pé lójijì Alájà yí padà! Wọ́n ní kí Àmínà máa gbé lápútọ́ọ̀pù ẹ̀ wá sí yàrá àwọn, pé ariwo máṣíìnì mi ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń kàwé. Wọ́n á wọlé, wọ́n á sì tilẹ̀kùn. Ẹni tó pòṣé sí fíìmù ló wá ń pè é wọlé yìí? Mo fura.

Èyí tó wá burú jù ni ti ìkíni. Alájà bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lára mi láìsọ̀rọ̀. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí wọn, ìyàwó ni mí. Ṣùgbọ́n Alájà tí mo mọ̀ kì í dúró de ìkíni. Kí n tó kúnlẹ̀ tán ni wọ́n á ti máa pè mí ní ìyàwó àtàtà. Nísinsìnyí, tí mo bá tẹ̀ síbi abọ́ tí mò ń fọ̀, wọ́n á kọjá bí ẹni pé mi ò sí níbẹ̀. Tí mo bá kí wọn, wọ́n á dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Tí mi ò bá kí wọn, kẹ́kẹ́ pa mọ́ wọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, mo ń ra ọsàn ní ìkóríta Dópẹ̀mú, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn. Wọ́n wo ojú mi kòrókòró, wọ́n sì gbójú kúrò! Níwájú ọlọ́sàn! Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé ọsàn tí mo rà sílẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo ro gbogbo ẹ̀ títí, ibì kan ṣoṣo ni mo já sí: wọ́n ti gba ti ọmọ wọn. Wọ́n fẹ́ kí Àmínà lọ sí Ìjẹ̀bú, wọ́n wá ń fà á mọ́ra nínú yàrá kó lè gbà láti lọ.

Ọmọ fúnra ẹ̀ tún wá ń ṣe ohun tó ń ba mí lẹ́rù. Tẹ́lẹ̀, tó bá kọ̀wé lórí fíìmù, ohun tí ẹ máa rí ni: "Ọkùnrin náà wọlé. Inú ń bí i." Ó parí. Lójijì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ báyìí: "Ọkùnrin náà wọlé, ẹrẹ̀ wà ní bàtà rẹ̀. Kò jókòó. Ó na ọwọ́ sí àga, ó tún fà á padà." Ẹ rò pé inú mi dùn? Rárá o! Mo ní inú fóònù ló ti jí i kọ. Mo bi í pé ta ló kọ ọ́ fún un. Ó ní òun lòun kọ ọ́. Mo ní ta ló wá kọ́ ẹ tó o fi mọ̀ ọ́n kọ tó báyìí? Ó wolẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ irú ìwolẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ ló ń wolẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń jíwèé wò, a jẹ́ pé òótọ́ ni bàbá ẹ̀ ń sọ, gbogbo wàhálà mi ti já sí òfo.

Ó wá di ọjọ́ tí mo lọ ra ṣájà lápútọ́ọ̀pù ní Computer Village. Mo tètè dé ju bí mo ṣe sọ fún wọn lọ. Ilẹ̀kùn Alájà wà ní títì. Mo bọ́ bàtà mi, mo rọra sún mọ́ ọn. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́ o, ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú yín?

Mo gbọ́ tí Àmínà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní, "Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń wẹ̀yìn wò. Ó ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpò ẹ̀." Alájà ní ojú ẹ̀ ńkọ́? Àmínà ní ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Ẹ gbà mí! Mo fọwọ́ kan àpò mi. Kọ́kọ́rọ́ mi wà níbẹ̀! Mo wòkè, mo wolẹ̀, mo ń wá ihò tí wọ́n gbà ń wò mí.

Bí mo ṣe ń wá a lọ́wọ́ ni Alájà tún béèrè pé màmá ẹ ńkọ́, ṣé kò tíì fura? Àmínà ní rárá, pé mo kàn rò pé inú ń bí wọn ni. Alájà wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èmi tàbí bàbá ẹ̀ gbọ́, pé tá a bá ti gbọ́, ó parí nìyẹn.

Mo gbé bàtà mi, mo yọ́ padà sẹ́yìn. Ṣé ẹ rí i pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa mọ́ wọn?

Nígbà tí Àmínà jáde, mo fà á wọ ilé ìdáná. Mo ní kó sọ ohun tí òun àti ìyá àgbà jọ ń ṣe lẹ́yìn mi. Ó ní òun ti ṣèlérí fún Alájà. Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ni? Ó bú sẹ́kún, àyà ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ní kó lọ fín oògùn ẹ̀. Mi ò lè fipá gbọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí kò rí èémí mí. Ṣùgbọ́n inú tó bí mi lọ́jọ́ náà, kọ́tìnì tí mo rán, wíwọ́ ló wọ́.

Mo wá pinnu. Mo ní tó bá di àárọ̀, mi ò ní kí Alájà! Mo mọ̀ pé ìwà tí kò dáa ni. Látìgbà tí mo ti wọ ilé náà, mi ò dán irú ẹ̀ wò rí. Mo ṣáà fẹ́ kí wọ́n bínú, kí wọ́n pariwo, kí ọ̀rọ̀ lè jáde síta.

Ilẹ̀ mọ́. Mo dúró sáàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mi ò kúnlẹ̀, mi ò lanu. Alájà ṣílẹ̀kùn jáde. Ọwọ́ wọn kan wà lára ògiri, wọ́n ń fi í wọ́ ara ògiri bọ̀. Mi ò ṣàkíyèsí ọwọ́ yẹn rí. Wọ́n ń bọ̀ tààrà sọ́dọ̀ mi, wọn ò dúró, wọn ò yà, àfìgbà tí wọ́n kọlù mí. Wọ́n ta gìrì.

Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ẹ káàárọ̀. Ta lẹ̀ ń béèrè nílé wa?"

Ẹ gbọ́ mi o! Alájà ló kọ́kọ́ kí mi! Èmi ìyàwó ọmọ wọn, wọ́n ń kí mi bí àlejò tó ṣìnà wọlé. Ojú wọn ò jìnnà sí tèmi rárá. Wọ́n ń wò mí, wọn ò sì rí mi.

Mi ò mọ̀gbà tí mo kúnlẹ̀. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo ní, "Alájà, èmi ni. Ìyàwó yín ni."

Wọ́n wá rọra sọ pé, "O ò kí mi."

Ẹkún tí mo sun lọ́jọ́ náà pọ̀. Ohùn wa ni Alájà fi ń dá wa mọ̀ látọjọ́ yìí! Ẹni tó bá kí wọn ni wọ́n mọ̀. Ẹni tí kò bá kí wọn, òjìji lásán ni. Níwọ̀n ìgbà tó sì jẹ́ pé ọmọdé ló ń kọ́kọ́ kí àgbà nílé wa, ta ló fẹ́ mọ̀? Wọ́n fi ìkíni wa bo ọ̀rọ̀ ojú wọn mọ́lẹ̀.

Wọ́n ní Àmínà nìkan ló já a, níbi tí wọ́n ti jọ ń wo fíìmù tí Alájà ń rẹ́rìn-ín níbi tí kò sí ẹ̀rín. Látìgbà náà ló ti ń sọ gbogbo ohun tó ń lọ nínú fíìmù fún wọn: aṣọ, ojú, ọwọ́, ẹrẹ̀ ara bàtà. Ẹ ti wá mọ ẹni tó kọ́ ọ ní àròkọ báyìí!

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa. Wọ́n ní tí ọmọ àwọn bá gbọ́, á ní kí àwọn lọ jókòó sílé ẹbí ní Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n á ti máa fi ọwọ́ fa àwọn kiri. Ìjẹ̀bú kan náà! Ohun tí mò ń sá fún nítorí ọmọ ni àwọn náà ń sá fún.

Ọjọ́ náà la sọ fún ọkọ mi, a sì gbé Alájà lọ sílé ìwòsàn ojú. Dọ́kítà ní ọ̀kan ti lọ, kò lè padà mọ́. Ó ní èyí tó kù ṣì ń rí díẹ̀, pé tá a bá ń kán oògùn sí i lójoojúmọ́ tá a sì ń gbé wọn wá, a lè dá díẹ̀ náà dúró. Ó bi wá pé kí ló pẹ́ yín tó báyìí?

Nígbà tá a délé, ọkọ mi wọ yàrá ìyá ẹ̀, ó ní kí Àmínà wo fíìmù fún Alájà kóun náà gbọ́. Ó di ojú ẹ̀, ó fetí sílẹ̀ títí ó fi parí. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ọmọ ẹ̀ lórí. Kò sì sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìjẹ̀bú nílé wa mọ́, fún ọmọ tàbí fún ìyá.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́? Mò ń kọ́ ọmọ pé kó máa wo nǹkan dáadáa kó tó sọ̀rọ̀, èmi tíṣà ò wo ẹni tá a jọ ń gbélé. Ìbínú ni mo ti rò, mo wá ń rí ìbínú níbi gbogbo. Ní báyìí, látọ̀ọ́kán ni mo ti ń kí Alájà, mo sì máa ń dárúkọ ara mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara Àmínà ò yá, Alájà ní kí n bá àwọn wo fíìmù. Mo jókòó, mo tún ohùn ṣe. Mo ní, "Obìnrin kan ti wọlé." Wọ́n dúró, wọ́n dúró, mi ò sọ nǹkan mìíràn. Wọ́n ní, "Aṣọ wo ló wọ̀? Kí ló mú lọ́wọ́? Àbí ìwọ náà ò ríran ni?"

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí kí n kà. Ta ló ń kọjá lára yín láìkí yín, tẹ́ ẹ ti ń bínú sí, tẹ́ ẹ ò tíì bi í pé kí ló ń ṣe é?