Sójà Tó Wá Kọ́ṣẹ́ Lọ́dọ̀ Mi

Ọdún tí mo gba òmìnira iṣẹ́ aránṣọ gan-an ni wọ́n mú un wá bá mi. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ṣọ́ọ̀bù mi kò ju yàrá kékeré kan lọ, lójú ọ̀nà tó lọ sí ọjà ní Ìlá, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ wa ló mú un wá, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà. Ó ní sójà ni ọkùnrin náà. Ogun ti parí láti bí ọdún mẹ́ta, wọ́n ti dá a sílẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n kò ríbi forí lé. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà lójú ogun, òjò sì ti wó ilé wọn ní abà. Inú kíláàsì kan nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sùn, torí pé àwọn ọmọ wà ní họlidé.

"Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló kù kí wọ́n wọlé," ni bàbá náà wí. "Pirinsípà girama ń wá aránṣọ tí yóò máa gbé inú ọgbà, tí yóò máa rán aṣọ àwọn ọmọ. Tí ọkùnrin yìí bá lè gbé ṣòkòtò kákí kan tó dáa síwájú ẹ̀, ó ti ríṣẹ́, ó ti rílé. Ó mọ ẹ̀rọ tẹ̀ díẹ̀, wọ́n kọ́ ọ nígbà tó wà ní ọsibítù àwọn sójà. Aṣọ gígé ni kò mọ̀."

Mo wo ọkùnrin náà. Ó tó àbúrò ìyá mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀: àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá," ló wí fún mi.

Ojú tì mí. Mo kúnlẹ̀ kí i padà. Bí a ṣe ń bá ara wa gbé nìyẹn: èmi ń sọ "ẹ" fún un, òun náà ń sọ "ẹ" fún mi, àwọn oníbàárà kò sì mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá nínú wa.

Àwọn oníbàárà yìí ló kọ́kọ́ kó mi láyà sókè. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó fi ọwọ́ òsì na búláòsì sí ìyá kan.

"Èmi lo ń fi ọwọ́ òsì na nǹkan sí?" ni ìyá náà bi í.

Ó kàn gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè. Ìyá náà wò ó, ó gba búláòsì rẹ̀, kò sì padà wá mọ́.

Ìṣòro tó burú jù ni ti sísọ́ọ̀sì. Ọwọ́ òsì nìkan ló lè fi gé nǹkan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ṣe sísọ́ọ̀sì fún. Tó bá ti fi gé kákí, ojú irin rẹ̀ á yà síra, aṣọ á kàn ká sí i láàárín. Ó ń fi bébà àpò sìmẹ́ǹtì kọ́ra. Ní ìrọ̀lẹ́, àgékù bébà á bo orí tábìlì, èmi a sì gbá a dànù láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ, èkejì lọ. Mo ń wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Ní ọjọ́ Túsìdeè ọ̀sẹ̀ kẹta, mo gbá ṣọ́ọ̀bù tán, kò yọjú. Mo na ọwọ́ sí sísọ́ọ̀sì ńlá tí ọ̀gá mi fún mi lọ́jọ́ òmìnira mi, n kò bá a níbẹ̀. Mo wá a lábẹ́ ẹ̀rọ, mo tú àpótí àkísà. Mo sáré lọ sí kíláàsì tó ń sùn. Ẹní rẹ̀ wà ní kíká sí igun ògiri, àpò rẹ̀ kò sí.

Mo gba ọ̀dọ̀ bàbá ìjọ lọ tààrà. "Bàbá, ó ti jí sísọ́ọ̀sì mi lọ." Mi ò tilẹ̀ pè é ní "wọ́n" mọ́.

"Ó mà ṣe o," ni bàbá náà wí. "Màá sọ fún pirinsípà kó máa wá ẹlòmíràn."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ọkùnrin náà wọlé, eruku ti bò ó dé orúnkún. Ó tú ohun kan nínú àpò rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Sísọ́ọ̀sì méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ tèmi. Èkejì jẹ́ tuntun, dúdú, ojú irin rẹ̀ sì kọ sí òdìkejì ti tèmi, fún ọwọ́ òsì.

"Àwọn alágbẹ̀dẹ ìhín ní àwọn ò ṣe irú ẹ̀ rí," ló wí. "Wọ́n júwe bàbá àgbà kan fún mi ní Ọ̀tan. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ. Tiyín ló wò ṣe é. Mo fi ẹwìrì fínná fún un títí iṣẹ́ fi parí, ó sì bá mi pọ́n tiyín náà. Ẹ rí ìwé tí mo kọ sílẹ̀, àbí?"

"Ìwé wo?"

"Èyí tí mo kọ sára bébà sìmẹ́ǹtì. Orí tábìlì níbí ni mo fi sí lálẹ́ Mọ́ńdè, kí n tó ti ilẹ̀kùn."

Mo ti gbá a dànù pẹ̀lú àgékù bébà.

Ó fa kákí kan, ó gé e pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tuntun náà. Ojú irin náà lọ geere láì dúró. Ó yí ojú padà kí n lè bá a yọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ fún bàbá ìjọ ló wà lọ́kàn mi. Mo ní mò ń lọ ra òwú.

Bàbá ìjọ kò sí nílé. Ó ti lọ sí girama láti àárọ̀. Mo gba ibẹ̀ lọ. Mi ò bá pirinsípà sọ̀rọ̀ rí láyé mi.

"Ta ló rán ọ?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà. Ọ̀rọ̀ sójà yẹn ni. Wọn ò jalè. Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn."

Mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀, àti ti ìwé tí mo gbá dànù. Ó tẹjú mọ́ mi. "Àwọn òbí lè máa bẹ̀rù sójà láàárín ọmọ wọn. Ṣé wàá dúró fún un?"

"Màá dúró, sà."

"Tí abẹ́rẹ́ bá sọnù nínú ọgbà yìí, ìwọ ni màá ránṣẹ́ pè. Kó mú ṣòkòtò wá ní Mọ́ńdè."

Ní Mọ́ńdè, àwa méjèèjì jọ lọ. Pirinsípà yí ṣòkòtò náà síta, ó fa ojú rírán rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú àpò. Nígbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àpò apá òsì fi díẹ̀ rẹlẹ̀ ju èkejì lọ. Bóyá kò rí i, bóyá ó rí i tó gbójú kúrò, n kò mọ̀.

"Lọ kó ẹrù ẹ wá," ló wí fún un.

Wọ́n fún un ní yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Fún oṣù bíi mélòó kan, tí ẹnikẹ́ni bá ti ọ̀nà girama wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mo máa ń ju iṣẹ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo máa ń rò pé nǹkan ti sọnù ni. Kò sí ohun tó sọnù.

Ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún mẹ́rin, ó wá rí ìyàwó fẹ́ ní Ire, ó sì lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó yà kí mi.

"Ọ̀gá, pirinsípà sọ fún mi pé ẹ dúró fún mi nígbà yẹn. Ẹ ṣeun."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì lè mọ̀ lójú rẹ̀ bóyá wọ́n sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ pè é ní olè. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fúnra mi. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ní kó bá mi kí ìyàwó.