Kókó Tó Wà Nínú Ìlẹ̀kẹ̀ Àbúrò Mi

“Gbé apá sókè, ìwọ ọmọ yìí, àbí o fẹ́ kí n fi eyín gbé e ni?”

Màmá, ìyá tó bí ìyá wa, ló ń jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀. Omi tó fi wẹ̀ fún wa ṣì ń kán lára mi, ọyẹ́ Maiduguri ń gé mi létí, òórùn ìgbẹ́ màlúù ń fẹ́ wá láti Kasuwan Shanu, ọjà màlúù. Màmá ki ìka bọ abẹ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí mi, ó fà á, ó tú u sílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló ń ṣe é fún èmi àti àbúrò mi obìnrin. Bí ìka méjì bá wọlé, ara le. Bí mẹ́ta bá wọlé, a ti ń rù nìyẹn, yóò dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló ń já mi láyà, torí obìnrin tó ń bá ewúrẹ́ jà kì í dákẹ́ lásán.

Ìlú ti di olú-ìlú ìpínlẹ̀ nígbà náà, yunifásítì ti wà, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì háyà yàrá lọ́dọ̀ wa. Òun ló ń túmọ̀ rédíò fún Màmá. Ó ní ìjọba ò ní dá sí iye owó oúnjẹ mọ́, òbí ni yóò sì máa san owó ilé-ìwé.

“Màmá, wọ́n ní ká fún bẹ́líìtì wa díẹ̀. Nǹkan á padà dára.”

“Bẹ́líìtì? Ọmọ mi ń wọ bẹ́líìtì ni? Ẹni tó ṣòfin yẹn, ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ ta ló ti ki ìka bọ̀ wò?”

Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi òmùgọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Màmá yíjú sí mi.

“Lọ́jọ́ tí ìka mẹ́ta bá wọ ìlẹ̀kẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin méjèèjì, owó ilé-ìwé tìrẹ á di owó wàrà tí n ó fi bọ́ ẹni náà.”

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Bí eṣinṣin ṣe fẹ́ràn egbò ni mo fẹ́ràn ilé-ìwé.

Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ jéró wa fi di omi tó ń tú èéfín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan mo rí i tí ìlẹ̀kẹ̀ àbúrò mi ń yọ̀ lọ sí itan. Mo ki ìka bọ̀ ọ́. Mẹ́ta wọlé wẹ́rẹ́, ìkẹrin ń kanlẹ̀kùn. Mo ta okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà ní kókó lẹ́yìn, ó fún un dáadáa. Mo fi Hausa kìlọ̀ fún un kó má sọ, bí ẹni pé Màmá ò gbọ́ Hausa jù wá lọ.

“To,” ni ọmọ náà wí, ó gbà.

Jímọ̀ kan, ìka méjì. Jímọ̀ kejì, ìka méjì. Màmá ń yọ̀. Ní Jímọ̀ kẹta, àbúrò mi jókòó sínú omi ìwẹ̀, ebi ò jẹ́ kó lè dìde. Màmá gbé e, ọwọ́ rẹ̀ sì kan kókó náà. Ó wò mí. Mo ń retí ìbínú, ẹ̀rù ni mo rí lójú rẹ̀, èyí tí mi ò rí níbẹ̀ rí.

“Ìwọ náà ti di ìjọba,” ló wí.

Kò nà mí. Ó gbé owó ilé-ìwé mi fún ìyá Fúlàní tó ń ta wàrà, òun náà ò sì jẹun alẹ́ títí ara ọmọ fi mókun. Èmi gbé igbá ẹ̀pà, mo gba ọjà Custom lọ. Ibẹ̀ ni ìwé mi parí sí.

Lónìí, àbúrò mi sanra débi pé ọjà Custom ò ní ìlẹ̀kẹ̀ tó lè yí i ká. Èmi ni ẹ̀rù yẹn ò tíì fi sílẹ̀. Bí rédíò bá ti ní nǹkan ń dára, mo máa ń pe àwọn ọmọ-ọmọ mi wá kí n yẹ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí wọn wò, wọ́n á máa kígbe pé ọwọ́ mi tutù. Kí n tó ki ìka bọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ ń wò, bóyá kókó wà níbẹ̀.