Ọjọ́ Tí A Dìbò Lé Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi Jáde

Nígbà tí mo ṣì kéré, ní àdúgbò wa lẹ́bàá Old Road ní Monrovia níbí, a kì í rán ẹnikẹ́ni lọ sọ̀rọ̀ fún wa. Bí ọ̀rọ̀ kan bá jẹyọ, gbogbo wa la máa ń pé jọ sábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, àwa Yorùbá àti àwọn ọmọ onílẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á sọ ọ́, lẹ́yìn náà àwọn àgbà á nawọ́ sókè. Ohun tí ọwọ́ bá pọ̀ sí la máa ń ṣe. Èmi á jókòó síwájú bàbá mi, inú mi á máa dùn pé kò sẹ́ni tó jẹ́ ọ̀gá lórí wa.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ yin ayé àtijọ́ fún yín o.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan, ará Liberia, opó tó ń yan ẹja tà, ní ilé páànù kékeré kan nísàlẹ̀ àdúgbò. Lọ́dún kan, omi òjò wọ ilé púpọ̀, wọ́n wá ní gọ́tà tuntun gbọ́dọ̀ gba ojú ilé rẹ̀ kọjá. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sípàdé. Obìnrin náà dìde. "My people, I beg you ya," ló fi bẹ̀ wá, ó sì béèrè ibi tí òun àti ọmọ òun yóò máa sùn.

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹni tó ń darí ìpàdé lọ́jọ́ náà ní kí wọ́n nawọ́. Ọwọ́ gbogbo wọn ló lọ sókè, títí kan ti ìyá mi, tó ń ra ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tá a délé, mo bi í pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀.

"Bí omi bá tún wọlé ńkọ́?" ló wí. "Ohun tí gbogbo ayé fẹ́ nìyẹn." Ṣùgbọ́n kò lè wo ojú mi.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti tú páànù ilé náà. Ọ̀rẹ́ mi gbé ìkòkò rù, ó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sí apá ọjà Red Light. Kò dágbére fún mi. Gọ́tà náà sì ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ogun dé, ogun lọ. Lónìí, èrò ti pọ̀ ju ohun tí abẹ́ igi lè gbà, ẹnì kan là ń dìbò yàn kó lọ ṣojú wa. Èyí tí a yàn kẹ́yìn, èmi fúnra mi ni mo bá a rìn láti ilé dé ilé tọrọ ìbò. Látìgbà tó ti wọlé, a kò rí i mọ́. Ìdọ̀tí ti dí ojú gọ́tà, omi ti wọ yàrá mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Randall Street títí ẹsẹ̀ mi fi wú. Ohun tí akọ̀wé rẹ̀ máa ń sọ ni pé, "Old Pa, ẹ padà wá lọ́la."

Ọjọ́ kan tí mo ń ti ibẹ̀ bọ̀ ni mo pàdé ọ̀rẹ́ mi yẹn, òun náà ti hewú. Mo tọrọ àforíjì. Ó ní ìyá òun ti kú tipẹ́.

"Ilé kọ́ ló dùn ún jù," ló wí. "Ó bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ ò dáhùn. Ìyẹn ló ń sọ títí ó fi kú."

Mo sunkún lójú títì, àgbà bíi tèmi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Ẹ máa ń bi mí èwo ló sàn, ká jọ pinnu fúnra wa ni, àbí ká rán aṣojú. Mo ti rí méjèèjì, méjèèjì ló ti pa mí lẹ́kún. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ìjọba tiwa-n-tiwa le, ẹ má wo ìbò nìkan. Ẹ lọ bá ẹni tí ìbò kò gbè, kí ẹ bi í bóyá ẹnikẹ́ni fetí sí i. Ní àdúgbò tiwa, láyé ìgbà yẹn àti lónìí, èmi kò tíì rí ẹni tó lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.